Irinṣẹ́ Wo Ni Kí A Rà Fún Iṣẹ́ Koríko Gígé?



Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ kan tí àgbẹ̀ lè fi kún iṣẹ́ oko rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni koríko gígé. Ọgbà ilé-ìwé ń fẹ́ gígé. Ọgbà ilé ìwòsàn ń fẹ́ gígé. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé ní Kutọnu kọ́ ilé sí abúlé, ṣùgbọ́n wọn kì í sí nílé, koríko sì ń bo àgbàlá wọn. Àwọn tó ní oko kajú àti oko ọ̀pẹ náà ń wá ẹni tí yóò bá wọn gé abẹ́ igi. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa lè rí owó díẹ̀ fi kún owó oko.

Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ wo ni yóò rà? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wò ó.

1. Àgbẹ̀ kan ra ẹ̀rọ

Ẹ jẹ́ kí á fi àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Abúlé rẹ̀ kò jìnnà sí Kétu. Ó ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà. Ó ní ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé-ìwé sọ fún un pé àwọn òbí fẹ́ san owó fún ẹni tí yóò máa gé koríko ọgbà. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti rí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan rí ní ilé olówó kan ní Kutọnu. Ẹni tó ń lò ó kàn ń tì í lọ, ó ń tì í bọ̀, koríko sì ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Àgbẹ̀ wa yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àjọ. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Kutọnu, ó ra irú ẹ̀rọ yẹn, èyí tí wọ́n ti lò ní ìlú òyìnbó.

Ó gbé e dé ọgbà ilé-ìwé. Koríko ga dé orúnkún. Òkúta wà nínú rẹ̀, kùkùté igi wà, ebè àtijọ́ náà wà. Ẹ̀rọ rìn díẹ̀, ó kú. Ó tún un tàn. Ó rìn díẹ̀ sí i, abẹ rẹ̀ sì kọ lu kùkùté. Abẹ tẹ̀. Irin tó gbé abẹ dúró wọ́. Ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe ní abúlé wò ó, ó ní òun kò ní irú irin náà. Ẹni tó tà á ní Kutọnu ní òun náà kò ní in.

Ẹ̀rọ wà nínú yàrá. Gbèsè wà lọ́rùn. Ìyàwó rẹ̀ ni ó dúró fún un nínú ẹgbẹ́ nígbà tó fẹ́ yá owó náà. Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ ìpàdé bá pé, owó gààrí ìyàwó ni wọ́n fi ń san gbèsè.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀rọ náà kò burú níbi tí wọ́n ṣe é fún. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ó ra irinṣẹ́ kí ó tó wo iṣẹ́. Àwọn àgbà ní: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí iṣẹ́ bá ṣe rí ni irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí.

2. Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ mú ìwé àti bíìkì lọ́wọ́. Ẹ lọ sí gbogbo ibi tí ẹ rò pé ẹ ó ti rí iṣẹ́. Ní ibì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀.

Èkíní: irú koríko. Ṣé gbégi kúkúrú ni, àbí ẹ̀kan líle? Ṣé igi kéékèèké ti hù mọ́ ọn? Ohun tó lè gé gbégi kò lè gé igi.

Èkejì: bí ilẹ̀ ṣe rí. Ṣé ó tẹ́jú? Ṣé òkúta, kùkùté, agolo tàbí ìgò fífọ́ wà níbẹ̀? Ẹ má dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wò ó. Ẹ rìn ín já.

Ẹ̀kẹta: bí ó ṣe fẹ̀ tó. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ìgbésẹ̀ gígùn kan tó bíi mítà kan. Bí òró rẹ̀ bá jẹ́ ìgbésẹ̀ 100, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ ìgbésẹ̀ 50, ẹ ṣe ìṣirò yìí: 100 × 50 = 5 000. Ìyẹn jẹ́ ìdajì ẹ̀kítà.

Ẹ̀kẹrin: ẹni tí yóò san owó, iye tí yóò san, àti ìgbà mélòó tí yóò pè yín lọ́dún. Ẹ má kọ ohun tí ẹ ń rò lọ́kàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ó sọ.

Bí ẹ bá parí, ẹ ó rí i pé ìwé yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irinṣẹ́ tó yẹ fún yín.

3. Àwọn irinṣẹ́ tó wà

Àdá. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n. Àdá tín-ín-rín tó gùn, tí wọ́n tẹ ẹnu rẹ̀ díẹ̀, ni ó dára jù fún koríko. Kò wọ́n. Kì í mu ẹsáǹsì. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ olókùúta àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí ó bá kú, ayùn irin lásán ni a fi ń pọ́n ọn. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lọ́ra, ó sì ń mú ẹ̀yìn ro ni. Ọgbà tó tó ìdajì ẹ̀kítà lè gba ẹnì kan ní ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹ̀rọ àgbékọ́. Àwọn tó ń tà á ń pè é ní débroussailleuse. Ó ní ọ̀pá gígùn kan. Ẹ́ńjìnnì wà ní ìdí ọ̀pá, ohun tó ń gé koríko wà ní orí rẹ̀. A ń fi okùn ìgbékọ́ gbé e kọ́ èjìká. Nítorí pé kò ní ẹsẹ̀ tí yóò máa yí nílẹ̀, ó lè ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, láàárín ebè àti lábẹ́ igi.

A lè fi oríṣi ohun méjì sí orí rẹ̀. Èkíní ni okùn ọ̀rá. Ó dára fún koríko tí kò le, àti fún ẹ̀bá ògiri àti ẹ̀bá òkúta, nítorí pé okùn yóò já kí ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n okùn ń tán, a sì gbọ́dọ̀ máa ra òmíràn. Èkejì ni abẹ irin. Òun ni ó dára fún ẹ̀kan tó ti gbó àti fún igi kéékèèké. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan òkúta, ó lè ta padà, kí ó fa ọ̀pá mọ́ ẹni tó dì í mú lọ́wọ́. Àwo irin tàbí ike tó bo orí ẹ̀rọ lápá ẹsẹ̀ wa ni ó ń gbà wá lọ́wọ́ òkúta tó bá ta. Àwọn kan ń tú àwo yìí kúrò kí ẹ̀rọ lè fúyẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé.

Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn tó ń tà á ń pè é ní tondeuse. Òun ni àgbẹ̀ wa rà. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Edwin Budding ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tí a ń tì láti gé koríko, ní ọdún 1830. Ó rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ́ ojú aṣọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kí ó lè jọ̀lọ̀, ó sì ṣe irú rẹ̀ fún koríko. Ẹ rò ó wò: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é fún ojú ilẹ̀ tó tẹ́jú bí aṣọ. Ní ọgbà òtẹ́ẹ̀lì àti ní ilé ńlá tí wọ́n ń gé koríko rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sí irinṣẹ́ tó dára jù ú lọ. Lórí ilẹ̀ tó ní òkúta àti kùkùté, kì í pẹ́ bàjẹ́.

Nítorí náà:
– iṣẹ́ kékeré, ilẹ̀ olókùúta, iṣẹ́ tí kì í wá déédéé: àdá;
– ọgbà ńlá, koríko gíga, abẹ́ igi kajú tàbí ọ̀pẹ: ẹ̀rọ àgbékọ́;
– koríko kúkúrú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí a ń gé nígbà gbogbo: ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin.

4. Ẹ má gbàgbé oko

Àgbẹ̀ ni wá. Iṣẹ́ koríko gígé kò gbọ́dọ̀ pa oko lára.

Ẹ wo àkókò. Ní agbègbè Kétu, Ìpóbẹ́ àti Àjàṣẹ́, òjò ńlá ń rọ̀ láti bí oṣù kẹrin títí di oṣù keje. Òjò kékeré ń padà ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Ní Sábẹ, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù kẹrin, ó sì máa ń dá ní bí oṣù kẹwàá. Ìgbà tí koríko ń ga ní ọgbà ilé-ìwé ni ìgbà kan náà tí koríko ń bá àgbàdo wa jà. Bí ẹ bá fi ọjọ́ mẹ́rin gé ọgbà ilé-ìwé ní oṣù karùn-ún, ta ni yóò ro oko yín? Bí àgbàdo bá pàdánù nítorí koríko, owó ọgbà kò lè dí i.

Níhìn-ín ni ẹ̀rọ ti wúlò. Iṣẹ́ tí àdá ń fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe, ẹ̀rọ àgbékọ́ lè fi ọjọ́ kan ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta ti padà sí oko.

Iṣẹ́ wà nígbà ẹ̀rùn pẹ̀lú. Ní agbègbè Sábẹ, oko kajú pọ̀. Wọ́n máa ń gé abẹ́ igi láti oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní, kí wọ́n lè rí èso ṣà nígbà tó bá ń já bọ́. Wọ́n tún máa ń la ọ̀nà iná yí oko ká, kí iná igbó má bàa wọlé. Ní àkókò yẹn, iṣẹ́ oko ti dínkù. Ẹni tó bá wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn olóko kajú kò ní jẹ́ kí irinṣẹ́ rẹ̀ sùn láti ọdún dé ọdún.

5. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò

Iye owó tí a fẹ́ lò yìí jẹ́ àpẹẹrẹ. Kí olúkúlùkù béèrè iye tó wà ní ọjà rẹ̀, kí ó sì fi í rọ́pò tiwa.

Ká sọ pé ẹ̀rọ àgbékọ́ kan jẹ́ 120 000 F. A fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún wa fún ọdún méjì. A rí iṣẹ́ 30 lọ́dún. Lọ́dún méjì, iṣẹ́ 60 ni.

120 000 F ÷ 60 = 2 000 F.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, nínú owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, 2 000 F kì í ṣe tiwa. Ti ẹ̀rọ ni. A gbọ́dọ̀ fi í pamọ́ títí tí a ó fi lè ra òmíràn.

Ká wá wo iṣẹ́ ọjọ́ kan ní ọgbà ilé-ìwé:
– owó ẹ̀rọ: 2 000 F
– ẹsáǹsì, lítà 4 ní 700 F: 2 800 F
– òróró ẹ̀rọ: 500 F
– okùn ọ̀rá àti àtúnṣe: 700 F
Àpapọ̀: 6 000 F.

Bí ilé-ìwé bá san 10 000 F, ohun tó kù fún wa ni 4 000 F. Ọjọ́ kan ni a fi ṣe é.

Bí a bá fi àdá ṣe iṣẹ́ kan náà ńkọ́? Owó àdá àti ayùn irin fún iṣẹ́ náà kò ju 600 F lọ. Ohun tó kù ni 9 400 F. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni a fi ṣe é. 9 400 F ÷ 4 = 2 350 F lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ borí.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dìde. Ká sọ pé a kò rí ju iṣẹ́ 10 lọ lọ́dún. Lọ́dún méjì, iṣẹ́ 20 ni.

120 000 F ÷ 20 = 6 000 F.

Owó ẹ̀rọ di 6 000 F fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 4 000 F ẹsáǹsì, òróró àti àtúnṣe kún un. Ó di 10 000 F. Ilé-ìwé san 10 000 F. Kí ló kù? Kò sí nǹkan kan. A ti làágùn lásán. Àwa ni a ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ kan náà ni. Ilé-ìwé kan náà ni. Iye iṣẹ́ tí a rí lọ́dún ni ó yàtọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ ka iṣẹ́ kí ẹ tó ka owó.

Bí iṣẹ́ kò bá tíì pọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdá. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ sì tún lè kó ara yín jọ ní ẹni méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ ra ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ kọ àdéhùn yín sínú ìwé: ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ, ẹni tí yóò máa pa owó àtúnṣe mọ́, àti bí a ó ṣe pín owó. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ kì í dá ìjà sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹnu.

6. Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á

Ẹ má lọ ní ẹ nìkan. Ẹ mú ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe ní abúlé yín dání, nítorí pé òun ni ẹ ó sá tọ̀ bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ wọ̀nyí:

– Ṣé ẹ ní bújì, okùn ọ̀rá, abẹ àti okùn tí a fi ń fa ẹ̀rọ tàn? Ẹ fi wọ́n hàn mí.
– Ṣé ẹ̀rọ tí a ń po òróró mọ́ ẹsáǹsì rẹ̀ ni, àbí èyí tí òróró rẹ̀ dá wà?
– Ìwé ìlò rẹ̀ dà?
– Bí ó bá bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta, kí ni ẹ ó ṣe? Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé owó tí ẹ máa fún mi.

Ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín. Ẹ gbé e kọ́ èjìká fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹ lè fi jẹ àgbàdo kan tán. Bí ó bá ti ń dùn yín lẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀bù, báwo ni yóò ṣe rí lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta nínú oòrùn?

Bí ó bá jẹ́ àlòkù, ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì tún un tàn. Àwọn kan ń ti gbé e gbóná kí ẹ tó dé, nítorí ẹ̀rọ tó ti gbóná rọrùn láti tàn. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí a kò rí irin rẹ̀ rà ni ó wọ́n jù lọ.

7. Ẹsáǹsì àti òróró

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àgbékọ́ ń fẹ́ kí a po òróró pàtàkì mọ́ ẹsáǹsì. Bí ẹ bá da ẹsáǹsì nìkan sí i, ẹ́ńjìnnì yóò gan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí ìwé ẹ̀rọ bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Àwọn kan ń fẹ́ 20 mílílítà òróró sínú lítà ẹsáǹsì kan. Àwọn mìíràn ń fẹ́ 40.

Báwo ni a ó ṣe wọ̀n ọ́n? Ẹ ra síríńjì tuntun ní ilé ìtajà oògùn, èyí tó ń gba 10 mílílítà, kí ẹ sì sọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ nù bó ṣe yẹ. Ẹ̀kún méjì jẹ́ 20. Ẹ̀kún mẹ́rin jẹ́ 40. Ẹ fi síríńjì yìí pamọ́ fún iṣẹ́ yìí nìkan.

Ọ̀pọ̀ wa ń ra ẹsáǹsì kpayo nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Kì í ṣe gbogbo ìgò ni ó pé lítà kan. Ìdọ̀tí tàbí omi lè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ kí ó tó wọnú ẹ̀rọ. Owó rẹ̀ sì máa ń yí padà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti parí, owó kpayo gòkè lójijì lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, ẹ má bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn iye owó kan fún ọdún gbogbo láì mẹ́nu kan owó ẹsáǹsì.

Iná kò mọ ẹni tó ra ẹsáǹsì díẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n ń kó ẹsáǹsì sí gbiná ní Sèmè-Kraké, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Ó ju ènìyàn 30 lọ tó kú. Ẹ ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

– Ẹ má tọ́jú ẹsáǹsì sí yàrá tí ènìyàn ń sùn tàbí sí ilé ìdáná.
– Ẹ má fi ẹnu fa ẹsáǹsì láti inú ọ̀pá.
– Ẹ má rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ tó gbóná. Ẹ dúró kí ó tutù.
– Ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò omi mímu tí ọmọdé lè gbé sẹ́nu. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má fi ipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.
– Nígbà ẹ̀rùn, ẹ má gbé ẹ̀rọ gbígbóná lé orí koríko gbígbẹ.

8. Ara ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́

Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, a lè ra òmíràn. Ojú kò ní tà lọ́jà. Nítorí náà, kí ẹ tó ka owó ẹ̀rọ pé, ẹ ka owó awò ojú tí kì í fọ́, bàtà rọ́bà gígùn, ṣòkòtò tó nípọn àti ìbòtí mọ́ ọn. Bí owó kò bá tó gbogbo wọn, owó ẹ̀rọ kò tíì pé nìyẹn.

Ojú. Orí ẹ̀rọ ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Òkúta tó bá ta níbẹ̀ ń sáré gan-an. Bí eruku bá wọ ojú, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án. Bí nǹkan bá gún ojú, ẹ má fà á yọ, ẹ má sì fi ọwọ́ ra ojú. Ẹ má fi omi ewé tàbí ìtọ̀ sí i. Ẹ rọra fi nǹkan mímọ́ bò ó láì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Àwọn tó wà nítòsí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà láàárín mítà 15 sí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Ọmọdé fẹ́ràn láti wo ẹ̀rọ. Ní ilé-ìwé, ẹ ṣe iṣẹ́ yín nígbà tí àwọn ọmọ kò sí níbẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣa òkúta, agolo àti ìgò kúrò.

Ọwọ́. Bí koríko bá há sí orí ẹ̀rọ, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án.

Etí. Bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá ní láti pariwo kí ẹ tó gbọ́, ariwo ẹ̀rọ náà ń pa etí yín lára. Etí tó bá kú báyìí kì í padà jí. Ẹ lo ìbòtí, kí ẹ sì máa sinmi.

Ọgbẹ́. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹtanọ́ọ̀sì, àrùn tó ń mú kí ara gan. Ó dára kí ẹ ti gbà á kí ọgbẹ́ tó dé.

Ejò. Ejò fẹ́ràn koríko gíga. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má sín ojú ibẹ̀ ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu, ẹ má sì so ó pinpin. Ẹ bọ́ òrùka tàbí ẹ̀gbà kúrò. Ẹ má jẹ́ kí ó rìn. Ẹ gbé e sórí alùpùpù láàárín ẹni méjì, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

9. Ibi tí àgbẹ̀ wa bá ọ̀rọ̀ dé

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀ wa. Ó wá ẹni tó ní ọgbà tó tẹ́jú ní Àjàṣẹ́, ó ta ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà fún un. Owó tó rí kò tó ìdajì èyí tó ná. Ó fi í san lára gbèsè. Ó fi àdá gé ọgbà ilé-ìwé ní ọdún yẹn. Èyí tó kù nínú gbèsè, òun ni ó san án, kò tún kan owó gààrí mọ́.

Lẹ́yìn náà, ó mú ìwé àti bíìkì. Ó yí abúlé ká. Ó ka iṣẹ́ 12 lọ́dún. Ó ṣe ìṣirò, ó rí i pé iṣẹ́ 12 kò lè bọ́ ẹ̀rọ. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n kò yá owó. Ó lọ bá àgbẹ̀ méjì mìíràn ní abúlé kejì. Àwọn náà ka tiwọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa á pọ̀, ó di iṣẹ́ 34. Wọ́n kọ àdéhùn, wọ́n dá owó, wọ́n sì ra ẹ̀rọ àgbékọ́ kan pẹ̀lú awò ojú àti bàtà.

Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fún ní àpótí owó àtúnṣe kí ó máa tọ́jú. Kí wọ́n tó pín owó iṣẹ́ kankan, ó máa ń na ọwọ́, á ní: «Ẹ mú 2 000 F ẹ̀rọ wá ná.»

Ẹ jẹ́ kí á jíròrò

1. Kí ni àgbẹ̀ yìí ì bá ti ṣe kí ó tó lọ sí Kutọnu?
2. Irinṣẹ́ wo ni ó yẹ fún ọgbà ilé ìwòsàn abúlé yín? Kí nìdí rẹ̀?
3. Ní oṣù wo ni iṣẹ́ oko yín pọ̀ jù? Ta ni yóò gé koríko ọgbà ní oṣù yẹn?
4. Kí ni a kò gbọ́dọ̀ ṣe bí nǹkan bá gún ojú ènìyàn?

Iṣẹ́ ìṣirò

Ẹ̀rọ kan jẹ́ 90 000 F. Ẹ fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Ẹ rí iṣẹ́ 15 lọ́dún. Ẹsáǹsì, òróró àti àtúnṣe jẹ́ 4 000 F fún iṣẹ́ kan. Wọ́n ń san 8 000 F fún yín.
a) Èló ni owó ẹ̀rọ nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan?
b) Èló ni ó kù fún yín?
d) Ṣé ẹ ó rà á? Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì yín.